Ohùn Sìlífátù ní Ilé Tánganran

Ishaq gun àkàsọ̀ dé ibi tí sípíkà ńlá náà wà lára ògiri, ó fi eyín há pílásì mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ìpẹtà ti so nọ́ọ̀tì àti irin pọ̀ bí tọkọtaya tó ti pẹ́ lọ́ọ̀dẹ̀ ara wọn. Ó ta epo díẹ̀ sí i, ó dúró kí epo wọlé, nítorí ẹni tó bá kánjú tú nọ́ọ̀tì tó dípẹtà, orí nọ́ọ̀tì náà ni yóò já sí i lọ́wọ́. Bó ti ń dúró, ó gé wáyà tó wọ inú sípíkà náà, ó ká a mọ́ ọwọ́.

Ọyẹ́ ti bo Àgídìngbì. Òrùn ìrọ̀lẹ́ rí bí owó bàbà tó bọ́ sínú eérú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ abọ́ tánganran náà pa; koríko ti gba àgbàlá, àwọn abọ́ tí kò rí àwọ̀ gbà rí sì tò síbẹ̀ gegere, wọ́n ń dípẹtà sínú ara wọn. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró, aṣojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ibẹ̀, ló pe Ishaq wá láti Computer Village pé kó kó sípíkà àti ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ kúrò kí katakata tó dé ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ láti wó ilé.

Bó ti di aago mẹ́rin, ohùn obìnrin kan sọ̀rọ̀ lẹ́bàá etí rẹ̀.

"Look."

Ohùn náà mọ́, ó tutù. Ó mí sókè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó fẹ́ parí ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n kò parí rẹ̀. Ishaq wo wáyà tó ká mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Irun ọrùn rẹ̀ dìde ṣánṣán. Nígbà tí kò mọ ohun tí ì bá ṣe, ó ṣe ohun tí ohùn náà ní kó ṣe. Ó wẹ̀yìn.

Ọmọbìnrin kan dúró sáàárín koríko nísàlẹ̀, ó gbé orí sókè, ó ń wò ó. Ìborùn funfun ló fi bo irun. Gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀ ló rẹ dòdò ní àwọ̀ búlúù, bí ìgbà tó fi ọwọ́ bu nǹkan lára sánmà. Àkàsọ̀ mì. Ishaq di ògiri mú.

"Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n orí àkàsọ̀," ni ọmọbìnrin náà wí. "Tẹ́ ẹ bá ṣubú, ta ni yóò gbé yín? Èmi ò lè fi irú ọwọ́ yìí kan ẹ̀wù yín."

"Ṣé ènìyàn ni yín?"

"Kí lojú yín rí?"

"Ẹ jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ yín ná."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ju sílípáàsì rẹ̀ síwá sẹ́yìn. "Ẹ wò ó dáadáa. Iwin kì í wọ sílípáàsì, ó máa ń yọ wọ́n lẹ́nu láàárín ìka."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ishaq, pílásì sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀lé e. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní Ọlárónkẹ́ ni òun, ilé ìtẹ̀wé ẹ̀yìn ọgbà, níbi tí wọ́n ti ń tẹ orúkọ sára ọ̀rá omi, ni òun ti ń ṣiṣẹ́. Yíǹkì ló wà lọ́wọ́ òun. Ó wá fi àgbọ̀n tọ́ka sí ibi tí ògiri ti lu. Bàbá arúgbó kan dúró sójú ihò náà, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ó dojú kọ sípíkà bí ọlọ́pàá tó dúró níwájú ọ̀gá.

"Bàbá mi nìyẹn. Wọn kì í pa aago mẹ́rin jẹ. Èmi ni mo máa ń wá mú wọn lọ sílé." Ó tún fi àgbọ̀n tọ́ka sí sípíkà. "Ohùn tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, màmá mi ni."

"Níbo ni Màmá jókòó sí?"

"Wọ́n ti kú. Ó ti pẹ́."

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gba inú àwọn abọ́ kọjá, wọ́n hu bí ìgbà tí ẹnìkan ń fẹ́ ẹnu sí ọrùn ìgò.

"Ẹ jọ̀ọ́," Rónkẹ́ wí, "ẹ má yọ ọ́ lónìí."

Iṣẹ́ ni iṣẹ́, Ishaq sì kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀. Ṣùgbọ́n ó gun àkàsọ̀ padà, ó dé nọ́ọ̀tì tó fi odidi ìrọ̀lẹ́ tú, ó so wáyà tó gé pọ̀, ó fi rọ́bà dì í.

Lọ́jọ́ kejì ló rí ìdí tí ohùn náà fi dún lẹ́yìn tó ti gé wáyà. Sípíkà mìíràn wà lẹ́yìn táńkì omi, wáyà tirẹ̀ sì wà ní pípé. Òpó nẹ́tíwọ̀kì tó wà lórí òrùlé ló ń fún wọn níná. Inú Ishaq dùn pé ohun gbogbo ló ní ìdí, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ díẹ̀, kò mọ ìdí ìyẹn.

Rónkẹ́ mú un lọ sí ọ́fíìsì níbi tí ẹ̀rọ náà wà. Wọ́n jókòó sórí àwọn abọ́ tí wọ́n dojú wọn délẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, Ishaq ń tú ìdérí ẹ̀rọ.

Onírúurú ẹ̀yà ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ní, Yorùbá, Ègùn, Haúsá, Ìgbò, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan sì ni wọ́n jọ gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìléru tó ń yan àwọ̀ mọ́ abọ́ kì í dúró de ẹni tó ń ronú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi mú Sìlífátù, akọ̀wé wọn, pé kó máa sọ̀rọ̀ nínú sípíkà. Á ní "Stand behind the line", òun fúnra rẹ̀ á sì kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ hàn wọ́n, á dúró sẹ́yìn ìlà. Ara wọn ló fi kọ́ èdè náà, kì í ṣe orí. Nígbà tí àìsàn wá mú un ní ọ̀nà ọ̀fun, ẹnjiníà kan, ará Índíà, gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdajì ìdajì.

"Mo rí i," Ishaq wí. Ojú rẹ̀ ti ń dán. "Ọ̀rọ̀ ìṣe wà ní ìhà ọ̀tún: *Stand, Wait, Go, Keep, Look*. Ìrù wọn wà ní ìhà òsì: *behind the line, for the bell, from the fire*. Ẹ̀rọ yìí ló ń so orí mọ́ ìrù. Ṣùgbọ́n kì í so gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Wò ó, *Wait* gba *for the bell*, ó gba *behind the line*, ó kọ *from the fire*. Bí eyín jíà ni. Eyín tí kò bá bá ara wọn mu, wọn kì í yí."

"Màmá mi a máa ní ọ̀rọ̀ òyìnbó kì í dá rìn. Wọ́n ní tó o bá pàdé *look* lọ́nà, o ò tíì mọ ibi tó ń lọ, àfi tó o bá rí ẹni tó tẹ̀lé e. Tó bá jẹ́ *at* ló tẹ̀lé e, ojú lásán ló fi ń wo nǹkan. Tó bá jẹ́ *for*, nǹkan rẹ̀ ti sọnù, ó ń wá a. Tó bá jẹ́ *after*, ó ti di olùtọ́jú." Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn òṣìṣẹ́ ò gbà fún wọn ṣá. Màmá mi á ní *Switch off at the wall*, àwọn á ní, 'Off am!' Wọ́n ti lé *switch* tó jẹ́ ọ̀gá lọ, wọ́n fi *off* tó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ jọba."

"Àwa náà ní Computer Village kọ́ nìyẹn? 'Oga, on am make I see.'"

"Ìwọ náà wà lára wọn."

Ishaq gbọ́ pé ó ti fi *ẹ* sílẹ̀, ó ti mú *ìwọ*. Ó kàn rọra fi nọ́ọ̀tì kan sápò tí kò yẹ kó fi sápò, ó sì wá a títí ìrọ̀lẹ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń pàdé. Rónkẹ́ á gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì wá, Ishaq á fi aṣọ tí a rẹ sínú kẹrosíìnì bá a nu ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Yíǹkì kì í tán lábẹ́ èékánná. "Máa nù ún lọ," Rónkẹ́ á wí, "bóyá yóò tán lọ́dún tó ń bọ̀." Ní aago mẹ́rin, ohùn ìyá rẹ̀ á ní "Look", àwọn méjèèjì á sì wẹ̀yìn pọ̀. Ṣé ìléru tó ti tutù láti ọjọ́ pípẹ́ ló ń rùn bí àwọ̀ tó ń jóná yẹn? Ishaq fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ìléru náà rí. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó ní òrùn ni. Ọyẹ́ ti bo òrùn láti àárọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ọjọ́rú, ó wọ jàlàbíyà, ó lọ bá bàbá Rónkẹ́, Bàbá Àlàmú, ní ilé wọn ní Agége. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ ohun tó bá wá.

Bàbá náà gbọ́ ọ tán. "Ọmọkùnrin, mi ò kórìíra rẹ. Rónkẹ́ ti ń kọrin nílé, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe torí ọ̀rá omi. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í fi ọmọ fún ọkọ. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó yé mi díẹ̀, kò yé mi tán."

"Èmi ni mo ń ṣọ́ ìléru. Àṣẹ ibẹ̀ ni pé oníléru kan ò gbọdọ̀ kúrò nídìí iná àfi tí Sìlífátù bá tú u sílẹ̀. *Go home with care*, ohun tó máa ń sọ nìyẹn ní aago mẹ́rin. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó kẹ́yìn, ọsibítù ló wà. A dúró de ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ó ní, *Look*. Ó dákẹ́. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Èmi dúró. Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi pè mí pé ó ti jáde láyé. Nígbà tó máa fi di Mọ́ńdè, wọ́n ti ti géètì."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

"Kí ló fẹ́ kí n ṣe? Ṣé ó ní kí n wá òun ni? Mo ti wá a. Àbí ó ní kí n wo òun? Mi ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń lọ. Ìléru ni mo ń wò. Wọ́n ní ìwọ ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún pé kí o gbé ohùn rẹ̀ kúrò. Tó o bá gbé e lọ láì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn ò ní tú mi sílẹ̀ mọ́ láéláé. Má tún bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ nígbà náà."

Ishaq padà sídìí ẹ̀rọ. Ó tọ wáyà *Look* lọ títí, ó sì rí i pé ìrù rẹ̀ ò sí pẹ̀lú àwọn tó kù. Inú káàdì kékeré kan ló wà, tí wọ́n tì bọ inú ẹ̀rọ náà kẹ́yìn. Òrùlé ti jò sí i lára, aáyán sì ti yé sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ó tì í bọ inú ẹ̀rọ padà. Kò dáhùn.

"So òmíràn mọ́ ọn," Rónkẹ́ wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Òmíràn báwo?"

"*At the light* wà níbẹ̀. Ohùn wọn náà ni. Jẹ́ kí bàbá mi rí ibi fi orí lé." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Jímọ́ọ̀ ti dé tán, Ishaq. Ṣé o fẹ́ mi àbí o ò fẹ́ mi?"

Ó fẹ́ ẹ. Ó so ó pọ̀.

Ní aago mẹ́rin ọjọ́ Tọ́sìdeè, bàbá náà dúró sójú ihò. Ohùn náà dún, "Look." Ó mí sókè. "At the light." Bàbá Àlàmú gbé ojú sókè sí òrùn tó dà bí owó bàbà. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù lé ilẹ̀.

"Ìmọ́lẹ̀," ó wí. "Ó ní kí n wo ìmọ́lẹ̀. Ó dáa. Ishaq, sọ fún àwọn ènìyàn rẹ pé kí wọ́n máa bọ̀."

Rónkẹ́ di ọwọ́ Ishaq mú, yíǹkì tòun ti gbogbo rẹ̀. Ohun tí Ishaq ń fẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹnu dídákẹ́ nìkan ló kù kó ṣe.

Ìgbà náà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. "Wait from the fire. Stand for the bell. Keep with care. Go behind the fire." Ohùn kan náà, tútù, mímọ́, ó ń yí káàkiri àgbàlá, orí tó wá ìrù rẹ̀ tì. Àwọn ẹyẹ lékèélékèé tó wà lórí òrùlé fò lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ishaq sá wọlé, ó fa wáyà yọ, ó sì jáde padà wá. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo so ó pọ̀. Ohun tí wọ́n sọ kọ́ nìyẹn."

Rónkẹ́ kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì yí ojú sí ògiri. Bàbá náà wo Ishaq títí.

"Ọmọ mi ti wà lọ́wọ́ rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O sì sọ ọ́."

"Tó bá jẹ́ ìrù irọ́ ni mo fi so ó, kò ní yí. Yóò máa ta kora lọ́wọ́ wa ni."

Bàbá Àlàmú na ara ró padà bí oníṣẹ́. "Wá èyí tó jẹ́ òótọ́ fún mi," ó wí, ó sì ń lọ.

Rónkẹ́ ò bá Ishaq sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Jímọ́ọ̀, nígbà tí Ishaq dé ojúlé Muhydeen, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, ó bá Rónkẹ́ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìborùn rẹ̀ wà létí ojú.

"Mo gbọ́ pé o fẹ́ jí òkú káàdì," ó wí. "Mo wá wò ó."

"O ṣì ń bínú?"

"Mò ń bínú. Ìbínú kò ní kí n má jókòó."

Muhydeen fi awò ńlá wo káàdì náà. "Ọpọlọ rẹ̀ ò tíì kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló jẹrà. Ẹ jẹ́ ká wá ẹsẹ̀ fún un." Ó yọ ẹsẹ̀ lára káàdì mìíràn tó bá a mu. Ọwọ́ Muhydeen gbọ̀n torí tíì tó ti mu jù, Ishaq gba irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jó wáyà tó tín-ín-rín ju irun lọ mọ́ra wọn. Rónkẹ́ di iná tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Bí ó bá mí, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èémí rẹ̀ má baà gbé wáyà lọ. Nígbà tí wáyà tó kẹ́yìn mú, ó fi orí rẹ̀ ti èjìká Ishaq, kò sì gbé e kúrò.

Katakata ti wà ní géètì nígbà tí wọ́n dé Àgídìngbì. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró ń wo aago ọwọ́. Ishaq bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí aago mẹ́rin lù. "Aago mẹ́rin náà ni mo máa gbà," ni Olúgbénró wí, "lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ̀ ẹ́ mọ́." Ẹni tó ń wa katakata pa iná rẹ̀. Ishaq ti káàdì bọ inú ẹ̀rọ, ó sì so wáyà padà. Bàbá Àlàmú ò dúró sójú ihò lọ́jọ́ náà. Ó wọlé wá, ó dúró níwájú ìléru, ní àyè rẹ̀ àtijọ́, ọwọ́ ní ẹ̀gbẹ́.

"Look."

Ó mí sókè.

"After Àlàmú."

Ohùn náà ti sọ̀ kalẹ̀ níbi orúkọ yẹn, bí ìgbà tí obìnrin bá ń pe ọkọ rẹ̀ láàárín yàrá. Bàbá náà yí ojú sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń wo àwọn tó wà níbẹ̀.

"Kì í ṣe èmi," ó wí. "Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó kù ló ń bẹ̀." Ẹ̀rín mú un, ẹkún sì gba ẹ̀rín lọ́wọ́ rẹ̀. "Láti ọjọ́ náà wá, mo rò pé iṣẹ́ ló rán mi. Kò rán mi níṣẹ́ kankan. Èmi ni iṣẹ́ náà."

Rónkẹ́ di í mú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ishaq dúró lókèèrè.

"Kí lo dúró síbẹ̀ ṣe?" ni bàbá náà wí fún un. "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí ìyá ìyàwó rẹ sọ ni? Ẹni tó bá mú ọmọ mi ló gba ọ̀rọ̀ yẹn. Mú apá kejì yìí."

Ishaq mú un. Bí wọ́n ti ń jáde ní géètì, katakata ta iná. Láàárín ariwo rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ọ kedere lẹ́yìn wọn: "Go home with care." Ishaq ti tú àwọn sípíkà àti ẹ̀rọ kúrò, káàdì sì wà nínú àpò rẹ̀. Ó wo Rónkẹ́. Rónkẹ́ mi orí pé kó máà sọ nǹkan kan. Bàbá Àlàmú ò wẹ̀yìn. Ó kàn dáhùn wẹ́rẹ́ bí oníléru ti máa ń dáhùn, ó sì yá ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti so yìgì ní mọ́ṣáláṣí Agége, Ishaq fọ sípíkà ńlá náà títí ìpẹtà fi tán lára rẹ̀, ó kùn ún ní àwọ̀ búlúù tó bá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mu, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri fàráńdà ilé tí àwọn àti bàbá jọ ń gbé. Kò so wáyà kankan mọ́ ọn. Abẹ́ rẹ̀ ni Bàbá Àlàmú ti ń jẹun nínú abọ́ tánganran kan tó mú bọ̀ láti àgbàlá, kò sì dìde dúró fún aago kankan mọ́. Ohun tí iṣẹ́ náà mú wálé fún Ishaq nìyẹn, ìyàwó kan àti bàbá kan.

Síbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ mìíràn, tí Ishaq bá jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, èémí kan a máa mí sókè lókè orí rẹ̀. Ó ti tú sípíkà náà wò, ó ti tò ó padà, kò rí ìdí rẹ̀, kò sì wá a mọ́. Yóò kàn dáwọ́ dúró, yóò wẹ̀yìn. Rónkẹ́ ni yóò bá níbẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, tó na ọwọ́ búlúù méjèèjì sí i pé kó wá bá òun nù ún.